Sìkírátù Ò Sí Ní Ìkànnì Kejìlá Mọ́

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Erunmu

Láti ìgbà tí Sìkírátù ìyàwó mi ti kú, ìkànnì kejìlá ni mo ti ń rí i ní Jímọ̀-Jímọ̀. Wọ́n máa ń tún fi àsálátù kan tó lọ nígbà ayé ẹ̀ hàn, òun á sì máa yán láàárín àwọn aláṣọ funfun. Èmi á ní, "Pa ẹnu dé, kí eṣinṣin má wọlé."

Lónìí, bọ́ọ̀lù ni mo bá níbẹ̀. Mo pe Rájí tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.

"Bàbá, wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé tiyín lọ. Ẹ máa ra dátà."

"Ṣé òkú náà ti ń jẹ dátà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín tèmi ò wá.

Mo tún tẹ méjìlá. Obìnrin kan láàárín àwọn òǹwòran ń yán. N ò lè sọ fún un pé kó pa ẹnu dé.