Ẹ̀sùn Lórí Àfikún Géèmù Tí Wọ́n Fi Orí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí,
Ìsàlẹ̀ Ilé Alájà Mẹ́ta,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfowópamọ́,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Yàrá Kẹsàn-án, Àjà Kejì,
Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FI ÒFIN MÚ ILÉ-IṢẸ́ GÉÈMÙ TÍ Ó Ń TA ÀPÁ ORÍ Ẹ̀GBỌ́N MI, ÀTI ỌMỌ Ẹ̀KỌ́ṢẸ́ MI TÍ Ó GBÉ E FÚN WỌN

1. Onídìrí ni mí, ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, n kì í sì í ṣe ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí pé mo fẹ́ kí ìyà jẹ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín. Mo fẹ́ kí ó jẹ wọ́n lọ́nà tí òfin fọwọ́ sí, kí n má baà fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

2. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Olùkọ́ ìṣirò ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí láti yọ kókó kan kúrò. Ó yè é, ṣùgbọ́n àpá kù sílẹ̀ lókè etí òsì, ó gùn tó ìka àárín, irun kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wá jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Àbúrò, má bò ó, má sì jẹ́ kó máa pariwo." Mo ronú títí. Kò ṣeé fa irun gba orí àpá náà, nítorí ó ṣì ń dùn ún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, mo sì jẹ́ kí ìlà irun kọ̀ọ̀kan yí àpá náà ká bí omi ṣe ń yí òkúta ká nínú odò. N kò di irú rẹ̀ fún orí kankan rí. Ẹ̀gbọ́n mi wo dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sí kíláàsì láì de nǹkan kan sórí. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mo ń tún un dì fún un.

3. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dì í. Jáfáfá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Kì í ṣe ọmọdé tí a ó sọ pé kò mọ̀. Ó ti ṣe akọ̀wé níbòmíràn kí ó tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó kọjú sí dígí, ó na fóònù sókè, ó ní ara òun ni òun ń yà. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Nígbà tí ó gba òmìnira, mo gbàdúrà fún un, mo sì fún un ní òòyà kan tí mo fẹ́ràn. Ó ní òun ti ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ géèmù, pé irun ni òun yóò máa yà fún wọn. Mo bá a yọ̀ o. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ mi ti di ènìyàn ńlá.

4. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé géèmù náà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ má ráyè irú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré náà yóò dá ènìyàn kan sílẹ̀, yóò yan ojú, ìrìn àti irun fún un, yóò sì máa bá a gbé ayé mìíràn. Yóò jagun, yóò ṣòwò, yóò kú, yóò tún jí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra géèmù, wọn yóò tún máa ta àfikún fún yín, tí ẹ ó gbà sórí ẹ̀rọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àfikún kan lè jẹ́ odidi ìlú tuntun pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀. Òmíràn lè jẹ́ fìlà lásán. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíríìjì ṣe, fẹ́ràn géèmù yìí púpọ̀. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì jókòó tì í. Ìyàwó ló ń ṣírò ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ọkọ ló ń jà. Ojú ìyàwó rẹ̀ gan-an ni ó fún ẹni tirẹ̀ inú géèmù. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀gbọ́n mi fi wà ní ọsibítù, kò mú ẹni yẹn lọ sójú ogun rárá. Ó ní bí ó bá kú, òun kò ní lè wò ó.

5. Ní oṣù tó kọjá, àfikún irun jáde. Àná mi rà á kí inú ìyàwó rẹ̀ lè dùn. Wọ́n ń wo àwọn irun náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí wọ́n fi kan èyí tí wọ́n pè ní "Ikú Kọ̀ Ọ́". Wọ́n ní irun jagunjagun tí idà ọ̀tá kò pa ni. Ìlà irun yí ojú àpá ká, àpá náà sì ń dán. Wọ́n tún ń ta àwọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá wù lè fi wúrà kun àpá náà. Ẹ̀gbọ́n mi bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ta ló ta orí mi?" Ó dìde, ó de síkáàfù, kò sì tíì tú u lójú ẹnikẹ́ni, títí kan èmi tí mo di irun náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣeré yìí, ó sì mọ̀ pé orí rẹ̀ ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní wo ohun tó kọ sójú pátákó. Kò lọ sí kíláàsì mọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ní bí kò bá padà kí sáà yìí tó parí, àwọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

6. Mo lọ bá wọn ní ilé-iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi mí sí yàrá tútù kan tí àga rẹ̀ rọ̀ ju ìwà wọn lọ. Agbẹjọ́rò wọn ní àná mi ti tẹ "Mo gbà" kí ó tó ra àfikún náà, nítorí náà kò sí ẹjọ́. Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi náà tẹ "Mo gbà" nígbà tí wọ́n ń ya orí rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Títí di òní, kò tíì dé. Jáfáfá ló wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹwà ni mo rí níbẹ̀. Mo rò pé inú yín á dùn pé gbogbo ayé ń wo iṣẹ́ yín." Mo ní kí ó fi orúkọ mi hàn mí lára iṣẹ́ náà. Orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, mo sì mọ èyí tí ó bá mi sọ.

7. Wọ́n lè sọ fún yín pé irun jọ irun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí àpá wà. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà ní òsì. Tiwọn wà ní ọ̀tún, nítorí pé inú dígí ni Jáfáfá ti ya fọ́tò rẹ̀, kò sì rántí yí i padà. Ẹ ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn orí náà sí yín pẹ̀lú. Dígí kò fi ìpàkọ́ hàn án, nítorí náà ó ronú tirẹ̀ sí i, ìlà kan sì wà níbẹ̀ tí kò ti ibì kankan wá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti gba èyí gbọ́ ju tèmi lọ. Oníbàárà kan wá ní kí n fá ibì kan lórí òun, kí òun náà lè ní àpá. Òmíràn, nígbà tí mo fi ìka júwe bí ìlà náà ṣe ń lọ, sọ fún mi pé mo ń ṣe é sódì. Èmi. Sódì. Mo lé àwọn méjèèjì jáde, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

8. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lòdì sí àfikún géèmù. Rárá. Àná mi ti fi èyí tó jẹ́ ìlú tuntun hàn mí, tí odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ìbànújẹ́ tiwọn, mo sì gbà fún un pé irú èyí yẹ kí ènìyàn rà. Ẹni tó ṣe é jókòó, ó ronú, ó fi nǹkan kún ohun tó wà nílẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yìí kò fi nǹkan kan kún géèmù náà. Wọ́n kàn yọ ọ́ lára obìnrin kan tí ara rẹ̀ kò tíì yá tán, wọ́n wá ń pè é ní àfikún.

9. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, pé:

(a) Kí wọ́n yọ irun náà kúrò, àti lórí ẹ̀rọ àwọn tó ti rà á pàápàá. Wọn yóò sọ pé ohun tí a ti tà kò ṣeé gbà padà. Irọ́ ni. Àná mi ní wọ́n ti gba idà kan padà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn rí, nítorí pé ó mú jù. Ẹni tó lè gba idà padà lè gba orí padà.

(b) Kí Jáfáfá má ṣe yàwòrán irun fún ilé-iṣẹ́ kankan mọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Olùkọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi náà. Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Òfin kò fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ẹyin náà wá síwájú yín.

(d) Nínú iṣẹ́ wa, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ba orí oníbàárà jẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u níwájú dígí, kí òun àti oníbàárà máa wo ojú ara wọn títí yóò fi tán. Kì í yára tán. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbà, mo fẹ́ kí Jáfáfá wá ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán gangan, kí agbẹjọ́rò wọn sì jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú tì wọ́n. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀.

10. Ilé-iṣẹ́ náà yóò sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì wọ́n. Òótọ́ ni. Jáfáfá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì dárí jì í, nítorí pé ìwà rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ó ní kí èmi náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n síkáàfù wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí ó bá lè sọ ọ́ fún mi láì de nǹkan kan sórí, ní iwájú kíláàsì rẹ̀, ni èmi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀. Mo ń retí yín.

Èmi ni tiyín, tí n kò ní dákẹ́,

Ìyá Onídìrí,
Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù, àti Àbúrò Olùkọ́ Ìṣirò.