Ilé Ìwé Tí Bàbá Rẹ Gbà Fún Ẹ

Àyànfẹ́ ọmọ mi, Onílé-Páálí,

Mo kí ẹ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ikọ́ tó ń dà ẹ́ láàmú lọ́sẹ̀ tó kọjá ti fi ẹ́ sílẹ̀? Bá mi kí àbúrò mi tó o ń bá ta ọ̀dà, sọ fún un pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjà rẹ̀ ò ní kùtà. Àwa náà wà níbí, ara wa le. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní inú mi dùn, irọ́ ni mo pa.

Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí pé nígbàkígbà tí mo bá pè, oníbàárà ló máa ń dé. Wàá ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pè yín padà," ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèpadà. Bàbá rẹ ti gba Yunifásítì Àgbà fún ẹ. Àná ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń páàkì takisí rẹ̀, ó fi nọ́ńbà ìdánwò rẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ ìkànnì ìgbaniwọlé, ó sì tẹ "Mo gbà." Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ wálé, ó ní òun ti bá ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ọmọ mi, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Ṣé o rántí àdéhùn wa? A ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ nǹkan kan, kó o fara balẹ̀ ronú títí di ọjọ́ Ẹtì, torí béèyàn bá ti gba ọ̀kan nínú ilé ìwé méjèèjì tó fún ẹ láyè, èkejì ti bọ́ nìyẹn. Ti ìjọba ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ìpínlẹ̀. Yunifásítì Àgbà lórúkọ, owó rẹ̀ ò sì ga, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko ni wọ́n fún ẹ, ìwọ tó o ti ń fi páálí kọ́lé láti kékeré. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ ló fún ẹ ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé tó o béèrè fún. Àmọ́ owó ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún èèyàn torí ẹ̀.

Pàtẹ́wọ́ yẹn gan-an ló kó sí bàbá rẹ lórí. O mọ̀ pé kí èsì ìdánwò tó jáde ló ti lẹ sítíkà Yunifásítì Àgbà mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Gbogbo èrò tó bá wọkọ̀ ló ń kí i: "Dádì, ẹ kú oríire o, ọmọ yín wà níbẹ̀?" Á ní, "Ọpẹ́ ni o." Mo ní kó yọ ọ́, ó ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Mo ní orúkọ ọmọ èèyàn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe orúkọ ilé ìwé. Ó yí rédíò sókè.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé mo ti fẹsẹ̀ ara mi lọ wo ilé ìwé méjèèjì. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń lọ̀ sílẹ̀, mo gbọ̀nà. Mi ò ní purọ́, géètì Yunifásítì Àgbà mú orí mi wú. Àmọ́ nígbà tí mo dé ẹnu kíláàsì, àwọn ọmọ pọ̀ débi pé ìta ni àwọn kan dúró sí, ojú wíńdò ni wọ́n ń gbà wo olùkọ́. Mo bi ọmọbìnrin kan nínú wọn léèrè ohun tó ń kọ́. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ oko ni. Mo ní ṣé ó wù ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Mà, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí n ṣáà wọlé ná, tí mo bá ti wọlé, màá yí i. Mo ti wà ní ọdún kẹrin báyìí." Ọ̀rọ̀ "wọlé ná" tí bàbá rẹ ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn o.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ ò ní géètì, okùn ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Omi ò yọ nílé táwọn ọmọ ń gbé lọ́jọ́ tí mo lọ, ìwé inú láíbìrì wọn ò sì tó nǹkan. Mò ń sọ gbogbo ẹ̀ kó o má baà ní mo tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n yí tábìlì gígùn kan ká, wọ́n ń gé páálí, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, olùkọ́ wọn sì ká apá aṣọ sókè, ó ń bá ọmọ kan fa ọ̀rọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé tó yà, arúgbó ò ní lè gùn ún. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà títí ó fi rẹ èmi tí mò ń wò. Omi bọ́ lójú mi, torí ìwọ ni mò ń rí nídìí tábìlì yẹn. Tó bá jẹ́ owó ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, màá gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ti ọ̀sán. Kò ní rọrùn, àmọ́ kò ní pa mí.

Láàárọ̀ yìí mo pe ọ́fíìsì Yunifásítì Ìpínlẹ̀. Ìyá kan ló gbé fóònù, ohùn rẹ̀ le koko. Ó ní àwọn ṣì lè dá àyè rẹ padà tó o bá wá fúnra rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì fọwọ́ sí i pé ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ, kó o sì dárúkọ ẹni náà. Mo ní bàbá rẹ ni. Ó ní kó o kọ orúkọ bàbá rẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rán ọmọ pé kó lọ fi ìwé fẹjọ́ bàbá rẹ̀ sùn? Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ìfẹ́ tí kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, torí ká ní ìkà ni, ǹ bá ti mọ bí mo ṣe máa bá a jà.

Mi ò ní bá ẹ yàn, kí n má baà di bàbá rẹ kejì. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Tó o bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, a óò sìn ẹ́ dé Yunifásítì Àgbà, inú mi á sì yọ́ tó bá yá. Tó o bá fẹ́ lọ kọ ìwé yẹn, owó ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ọlọ́run á fún ẹ ní ọgbọ́n tí wàá fi yàn. Ìwé tó o bá kọ́ á ṣe ẹ́ láǹfààní. O ò ní fi iṣẹ́ tí ọkàn rẹ ò sí níbẹ̀ jẹun. Ojú ò ní tì ẹ́, ojú ò sì ní tì wá lórí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn ẹ.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sétí bàbá rẹ kí n tó lẹ̀ ẹ́, kó má baà ní mo sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní kí n tún ibi tí ìyá ọ́fíìsì yẹn ti sọ̀rọ̀ kà. Mo tún un kà. Ó wá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ eléyìí:

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò bi ẹ́ léèrè. Kọ orúkọ mi síbẹ̀, kó o sì kọ ọ́ kó hàn dáadáa."