Alhaja Hùmúàní Àdùní Ajíbóyè: Olùkọ́ tó Kó Ọmọbìnrin Wọ Ọkọ̀, tó Kó Ọmọkùnrin Lọ sí Ìdí Kànga

Agboolé Sàláwù, nítòsí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì, ni a bí Alhaja Hùmúàní Àdùní Ajíbóyè sí ní 1946. Alhaji Sàláwù aláṣọ ni bàbá rẹ̀. Nurat, ọmọ Iworo, ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Sirajudeen, sá kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ń kàwé lọ ní tirẹ̀, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1968. Ní 1970, ó di ìyàwó Alhaji Ishaq Ajíbóyè, oníṣòwò ní Ibereko.

Ní 1977, tí owó epo ń mú kí ilé ìwé pọ̀ sí i, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé girama kan létí ọ̀sà láti kọ́ni ní ìmọ̀ nípa àyíká. Nínú ìdánwò tí ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ṣètò, àwọn ọmọkùnrin fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ jìnnà. Ọ̀gá náà, tí a kò ní fi orúkọ rẹ̀ ba ìwé yìí jẹ́, ní kí àwọn ọmọbìnrin kúrò ní kíláàsì, kí wọ́n lọ kọ́ oúnjẹ sísè.

Alhaja yẹ ìdánwò náà wò. Ọ̀rọ̀ ẹja àti ìgbì omi ló kún inú rẹ̀. Ìbéèrè díẹ̀ tó wà lórí kànga, èéfín àti ààtàn, àwọn ọmọbìnrin ló gbà á.

Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ rí lẹ ń bi léèrè ọ̀sà. Ẹ fún mi ní sáà kan."

Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n bá tún kùnà, wọ́n ti lọ nìyẹn.

Sirajudeen, àbúrò Alhaja, yọ̀ǹda ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní Iworo kí àwọn ọmọbìnrin lè wọ̀ ọ́ lọ sórí ọ̀sà. Dosu apẹja, bàbá ọ̀kan nínú wọn, kọ̀, ó ní bí Sewanu ọmọbìnrin òun bá wọ ọkọ̀, ẹja á sá.

Alhaja bi í pé, "Bàbá Sewanu, ta ló ń yan ẹja yín? Ṣé ó ń sá fún un lórí iná?"

Dosu rẹ́rìn-ín, ó fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà gbé korobá lọ sí ìdí kànga, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tuntun ti dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìgbà tí omi kànga máa ń níyọ̀, àti ìdí rẹ̀.

Nínú ìdánwò kejì, kò sẹ́ni tó lè fi máàkì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Kò sí ọmọbìnrin tó kúrò ní kíláàsì. Ọ̀gá kò kí Alhaja kú iṣẹ́, kò sì yọjú nígbà tí Alhaja fẹ̀yìn tì ní 2001. Ẹbí kò gbàgbé.

Alhaja lọ sí Mẹ́kà ní 1991. Òun ló ń darí àwọn obìnrin Àsàlátù ní Ibereko, òun ló sì kọ́ wọn láti má gbẹ́ ṣáláńgá sítòsí kànga. Ó dágbére fáyé ní 2019 yìí.

Ó fi ọkọ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Démọ́lá, Fàúsátù, Tóyìn àti Suwebat, àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọbìnrin tí wọn ì bá lé jáde nínú kíláàsì náà wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí. Àga iwájú la tò fún wọn.

Àdùní, ìsinmi yìí tọ́ sí ọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Sùn re, olùkọ́ wa.