Àpáta tí A Ń Sá Láfún Sí

                                        Ẹ̀bá Àpáta,
                                        Iffe, Ìjùmú,
                                        Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        3 Oṣù Kejì, 2025.

Ìyá Thomas, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo wà láyé báyìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, tó fi dé orí èyí tí o fi fóònù rán sí mi lánàá. Okun o. Orúnkún ńkọ́? Ará ilé ní Ìyàrá ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọyẹ́ ti fi ọmọ-ọmọ rẹ Emmanuella sílẹ̀? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn.

O ní kí n gbé láfún mi wálé, kí n fi àpáta sílẹ̀ fún Thomas àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ láti Àbújá. Bóyá kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ.

Ní Sátidé, wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wá sí Kàbà. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé ènìyàn, mọ́tò ló gbé e. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, wọn ò gun ọ̀nà ọ̀dà, ọ̀nà oko ni wọ́n yà sí, wọ́n ní eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ làwọn bá wá. Ọ̀nà tí à ń bẹ ìjọba kó da ọ̀dà sí, ọ̀kan nínú wọn ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n dà á. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Thomas ti fi ẹfun sàmì sára igi àti òkúta kí wọ́n má baà ṣìnà. Àwọn tó ṣáájú dé ìdí àpáta, wọ́n rí funfun tó tò lọ, wọ́n ní ọ̀nà rèé. Wọ́n gùn ún lọ láti orí láfún tèmi dé orí ti ìyàwó James. Mo dìde tìgbálẹ̀ tìgbálẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó dé akoto sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹfun kọ́ nìyí ni?"

Mo ní, "Jẹ ẹ́ wò."

Ojú tì í, ó bẹ̀ mí. Àlejò ni, mo gbà.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Thomas dé láti ẹ̀yìn, ó ní àwọn yóò máa gba orí àpáta kọjá ní gbogbo Sátidé títí òjò yóò fi dé. Ó ní, "Ìyá, ẹ ra tapólì, kí ẹ máa sá láfún lé e ní àgbàlá." Àgbàlá tí ewúrẹ́ ń sùn. Láfún tí kò rí oòrùn àpáta, a máa dú, a máa rùn, Thomas sì mọ̀, láfún ló jẹ dàgbà. Ó mọ̀ pé ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ lórí àpáta, tí ìyá ọkọ fi hàn án, tí a fi òkúta pààlà. Látìgbà tí o ti kó lọ sí Ìyàrá ni mo ti ń gbá ojú tìrẹ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá nǹkan síbẹ̀. Òkúta ààlà rẹ ni Thomas kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jù sígbó, kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè.

O ní ìlọsíwájú ni. Ìlọsíwájú wo ló ń gba orí oúnjẹ kọjá? Àwọn obìnrin yòókù ti ń kó tiwọn wálé, wọ́n ní ọmọ ilé ni, àwọn ò lè bá a jà. Èmi nìkan ló kù lórí àpáta.

Bá mi kí Emmanuella àti ìyá rẹ̀, kí o sì kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Lọ́dún tí o lóyún Thomas, mo bá ọ bó ẹ̀gẹ́, mo bá ọ rù ú gun àpáta, ọjọ́ kan gbáko. Àáró ni mo bá ọ ṣe, kì í ṣe àánú, o kò sì tíì san án. Sátidé tó ń bọ̀ ni kí o wá san án, kí o wá bá mi dúró lórí àpáta.

Èmi ni tìrẹ síbẹ̀,
Elizabeth, Ìyá Benjamin.