Mọ̀ọ́mi, Ẹ Má Gbé Fẹ́ǹsì Yẹn Ga Mọ́

Ẹ kú ilé o, Mọ̀ọ́mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Atlanta níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, àkọ́bí yín. Mo kí Màmá Ṣadé, aládùúgbò wa, bí ẹ̀yin méjèèjì ò tilẹ̀ rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má bínú pé mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde sójú ayé. Bí mo bá pè yín lórí fóònù tí mo dárúkọ fẹ́ǹsì, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ó yá, kí gbogbo Ìbàdàn bá mi bẹ̀ yín.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Mo rí yanrìn, mo rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò síwájú géètì, mo sì gbọ́ tí ẹ ń sọ fún bíríkìlà pé kó tún gbé fẹ́ǹsì ga sí i. Háà, Mọ̀ọ́mi! Fẹ́ǹsì tí kì í jẹ́ ká rí òrùlé wa látìta mọ́? Oṣù tó kọjá, ní ìdájí, ni ẹsẹ̀ yín yẹ̀ lẹ́bàá kànga nínú fẹ́ǹsì yìí kan náà, tí ẹ fi orí lu kọnkéré, tí ẹ dákú síbẹ̀ títí oòrùn fi là. Kò sẹ́ni tó lè wọlé, torí ẹ ti géètì pa látinú, àfọ́kù ìgò sì wà lórí ògiri yíká. Wẹ́dà ló gé géètì kí wọ́n tó rí yín gbé lọ sọ́sibítù. Ọgbẹ́ orí ọ̀hún ò tíì jinná, ẹ tún ń po sìmẹ́ǹtì. Ó sú mi o, kí n má purọ́.

Ẹ mọ ohun tí mo wá kọ́ níbí, bẹ́ ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ràn láti sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Odi ni. Odi ogun tí àwọn ará Ítálì mọ yí ìlú wọn ká ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ìgbà tí òyìnbó ń pè ní Renaissance. Uncle Táyọ̀ tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Redan, nítòsí Atlanta níbí, ò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti parí shift wọn ní Forest Park, tí wọ́n wọlé, wọ́n á bi mí pé ògiri mélòó ni mo kà lónìí. Àwọn Aunty ṣọ́ọ̀ṣì á mi orí, wọ́n á ní kò tíì pẹ́ jù láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin gan-an ti bi mí rí bóyá bíríkìlà ni mo fẹ́ dà. Ó dáa. Bíríkìlà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ tẹ́tí.

Láyé àtijọ́, odi wọn ga fíofío bíi tiyín, kò sì nípọn. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé gbé àgbá, ìbọn ńlá ogun, wọ Ítálì, gíga yẹn gan-an ló kó bá wọn. Ó rọrùn láti yìnbọn lù, ó sì ń wó lé àwọn tó sá sẹ́yìn rẹ̀ lórí. Ni wọ́n bá kọ́gbọ́n. Wọ́n rẹ odi sílẹ̀, wọ́n mú kó nípọn, wọ́n rọ erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ yàrà síwájú rẹ̀ bí àwọn baba wa náà ṣe ń gbẹ́ ẹ. Mo ṣàlàyé èyí fún Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, wọ́n ní olè Ìbàdàn kì í gbé àgbá kiri. Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ débi tí mò ń lọ. Ilé ìṣọ́ róbótó ni wọ́n máa ń kọ́ sára odi tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ ń rí ọ̀nà jíjìn, àmọ́ kò lè rí ìsàlẹ̀ ibi tóun fúnra rẹ̀ dúró sí. Ibẹ̀ ni ọ̀tá ń sá pamọ́ sí, tí á máa gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá pa róbótó tì, wọ́n kọ́ igun ṣóńṣó tó yọ síta bí ẹnu ìràwọ̀, débi pé ẹni tó wà ní igun yìí ló ń rí ẹsẹ̀ igun kejì, tí ti kejì náà ń ṣọ́ tirẹ̀. Kò sí igun tó ń dá ṣọ́ ara rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni? Mo wá sọdá òkun, wọ́n tún fi ìwé ńlá kọ́ mi ní nǹkan kan náà.

Ilé wa ní irú ojú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré àárín àwa àti Màmá Ṣadé ni, tí à ń gbà lọ tọrọ iyọ̀, tí wọ́n ń gbà wá pọn omi. Nígbà tí olè gbé jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ ní ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ẹ sì ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Mọ̀ọ́mi, Màmá Ṣadé wá di aláǹgbá? Obìnrin tó pọ̀n mí lọ sọ́sibítù nígbà tí ibà fẹ́ pa mí?

Ẹ wo ibi tí mo wà. Kò sí fẹ́ǹsì kankan níwájú ilé ní àdúgbò Uncle, koríko wa kan koríko ẹlòmíì. Síbẹ̀ n ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún wa. Mọ́tò á wọ gáréèjì, ilẹ̀kùn á sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Ooru ń pa wá, ààrá ń sán lọ́sàn-án, bí Uncle bá sì ti lọ síbi iṣẹ́, kò ku ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan tí ara mi ò yá, mo dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Mo sunkún, Mọ̀ọ́mi, ẹ̀bá kànga yín ni mò ń rò.

Ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé Ọlọ́run ló rán wẹ́dà sí yín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó lọ pè é. Látìgbà tí ẹ ti ń bá Màmá Ṣadé yan odì, wọn ò yé kí yín láràárọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri pé ṣé ẹ jí ire. Ẹ̀yin náà, pẹ̀lú gbogbo ìbínú yín, ẹ ò lè ṣàìdáhùn. Ẹ á wúkọ́, ẹ á ní a dúpẹ́, ẹ á bá tiyín lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wọ́n kí yín, ẹ ò dáhùn. Wọ́n tún kí. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn mọ̀ pé bí ẹ tilẹ̀ ń bínú títí dójú ikú, ẹ ò ní gbọ́ ìkíni kẹ́ ẹ máà dáhùn. Ni wọ́n bá sáré jáde láìwé gèlè, wọ́n lọ jí wẹ́dà lójú oorun. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé àwọn ń wá ọpẹ́. Mo ti sọ ọ́ o, kí wọ́n forí jì mí.

Nítorí náà, ẹ dá bíríkìlà yẹn dúró. Ẹ ní kó fọ́ búlọ́ọ̀kù ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, kó da ilẹ̀kùn padà síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi àgádágodo sí i, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìkejì wà lọ́wọ́ Màmá Ṣadé.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ yín le, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa, ẹ ẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo àdúgbò, ẹ kí bíríkìlà náà, kó má bínú. Màmá Ṣadé ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ jù wọ́n lọ, pé ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọ̀la, Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé ìdí ògiri yẹn, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀