Ta Ni Bàbá Gbé Nínú Àwòrán Iwájú Ìwé Yìí?

Ọdún 1953 ni wọ́n bí Màmá wa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí télọ̀ àti aya rẹ̀ bí sáàárín àwọn ọkùnrin. Inú yàrá ìránṣọ kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà ni wọ́n dàgbà sí, lábẹ́ tábìlì bàbá wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àjákù aṣọ tò pọ̀. Ìdílé ò ní purọ́ mọ́ wọn lónìí: wọ́n lágídí láti kékeré.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àwọn òbí wọn ń wò fún wọn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ayafọ́tò lọ láti kọ́ṣẹ́. Ní 1976, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú oníṣẹ́ iná mànàmáná kan tó wá fa wáyà sí sítúdíò ọ̀gá wọn, tó sì ń padà wá tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Àkọ́bí wọn, ọkùnrin, dé ní 1979.

Ní oṣù kẹta ọdún 1988, Bàbá gun òpó iná níbi iṣẹ́, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Màmá wà nínú oyún. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n bí àbígbẹ̀yìn, obìnrin. Ìdílé mọ̀ọ́mọ̀ kọ oṣù méjèèjì síbí, torí pé títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tí àbígbẹ̀yìn mọ̀ ni pé ìparí ọdún náà ni bàbá òun kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òun mọ́ra. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀: Bàbá nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọmọ jòjòló lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò bímọ rí láyé.

Ní 1994 Màmá ṣí sítúdíò tiwọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n jókòó tì í títí ó fi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Àbúrò ìyàwó tó wà lókè òkun, tí kò ráyè wá síbi ìgbéyàwó, Màmá á gé e kúrò nínú fọ́tò míì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹbí. Wọ́n á ní gígé àti lílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ gba ibi kan náà kan ojú gbogbo wọn, kí etí irun rẹ̀ rọ̀, kí àwọ̀ ara rẹ̀ bá tàwọn yòókù mu, kí òjìji rẹ̀ sì balẹ̀ síbi tó yẹ. "Bí kò bá ti ní òjìji, iwin lẹ pè wá síbi ìgbéyàwó yẹn."

Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Wọn kì í fi òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò bá a pàdé rí láyé. Opó kan sunkún títí níwájú wọn nítorí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, Màmá bá a sunkún, wọn ò sì ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ fi í kọ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ, níbi tí wọ́n ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìyá fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé irọ́ tó dùn ún wò, irọ́ náà ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì máa ń ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tí kò ní bàbá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, Màmá ní kí oníbàárà kan dúró díẹ̀ kí àwọn mu omi. Wọn ò mu omi náà tán. Kò sí àìsàn, kò sí ó dìgbóṣe. Ìdílé ṣì ń retí kí ẹnì kan wá sọ pé àṣìṣe ni.

Àbígbẹ̀yìn ló mú àwòrán pálọ̀ fún iwájú ìwé ìsìnkú yìí. Obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá ṣí i nínú kọ̀ǹpútà sítúdíò kí ó lè sọ ọ́ di ńlá. Ìpele ni wọ́n tò ó sí, ọ̀kan lórí èkejì. Ó pa ti òkè, kí ti ìsàlẹ̀ lè hàn. Ojú ọmọ tó wà lọ́wọ́ Bàbá yí padà, ọmọ mìíràn ló ń wò wọ́n. Obìnrin náà tún un ṣí, ó tún un pa. Àbígbẹ̀yìn sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. Òfin tí Màmá fi lé oníbàárà lọ, Màmá fúnra wọn ti rú u, lórí ọmọ tiwọn.

Àbígbẹ̀yìn gba ilé lọ, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń to àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni Dádì gbé nínú fọ́tò yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. "Èmi ni."

"Ẹ mọ̀?"

"Màmá bi mí kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojoojúmọ́ lo ń béèrè bóyá Dádì gbé ẹ rí. Màmá ní èmi ti mọ ojú Dádì, èmi ti gun ẹ̀yìn wọn, kí n jọ̀ọ́ yọ̀ǹda tèmi fún ẹ. Fọ́tò tí mo bá wọn yà ò ju ẹyọ kan yẹn lọ. Mo ní kí wọ́n mú un."

Àbúrò rẹ̀ sunkún gidi. Ó ní òun máa dá ojú rẹ̀ padà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́, òun ti fún un, òun ò gbà á padà. Ni wọ́n ṣe fi iwájú ìwé yìí sílẹ̀ bí Màmá ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn náà lágídí: ẹ yí ìwé yìí sí ẹ̀yìn, ẹ ó rí Bàbá pẹ̀lú àkọ́bí wọn.

Màmá fi àkọ́bí àti aya rẹ̀ sáyé lọ, àbígbẹ̀yìn àti ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ, àbúrò, àti àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́.

Màmá, ẹ sinmi, ẹ sun re. Bí ẹ bá rí Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe àbígbẹ̀yìn fún wọn dáadáa. Wọn ò rí i rí.