Ìyá Àgbà Tí A Pa Nítorí Ijó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Ìpàdé lábẹ́ igi ọsàn, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwa mẹ́rin. Èmi Bushrah. Miracle tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì, tí mò ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣàfíù tó ń ta ọsàn létí títì. Akínwándé ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì, tí mo sọ ní Gómìnà nítorí pé ìlérí ló kún ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la sọ: kílọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ṣí ọ̀kan sí Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó wọ irú ibẹ̀ rí nínú wa. Èmi sì ń lọ sí Pólì ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Ṣé kí n dé ọ̀hún kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀bù, kí n máa wo àjà? Rárá o.

Owó ni ìṣòro. Gómìnà ní òun máa mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá. Ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ló fà yọ lápò. Tí a bá da ti gbogbo wa pọ̀, kò tó ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kò burú, ká gbé ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá dání.

Ìṣòro kejì — Bàámi. Ládàánì ni. Ohùn rẹ̀ ló ń jí àdúgbò wa láràárọ̀. Ó ti sọ ọ́ fún mi, kò ṣeé kà: ẹni tí òun ò bá lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ ní Fìdítì, òun ò ní rán an lọ Ìbàdàn. Tó bá gbọ́ kílọ́ọ̀bù pẹ́nrẹ́n, Pólì ti tán nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Awẹ́ ni màá wà, tí màá máa bá a yan gàrí títí ayé.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Irọ́ ti Ṣọ́ọ̀ṣì rọrùn: ìṣọ́ òru. Àwọn ọkùnrin ò nílò irọ́, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n. Èmi nìkan ló kù.

Ṣàfíù ní òun ní ìyá àgbà kan ní Akínmọ̀ọ́rìn. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ ó lè kú.

A wo ara wa.

Gómìnà ní ọ̀rọ̀ ti parí, ká ní àìsùn òkú là ń lọ. Mo ní ìwọ kèfèrí yìí, Mùsùlùmí wo lo rí tó ń ṣe àìsùn òkú? Ọjọ́ tó bá kú la ń sin ín. Ládàánì ni mo fẹ́ parọ́ fún o. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lágbárí: fìdáù ọjọ́ kẹjọ! Tí fìdáù bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, alẹ́ Àbámẹ́ta ni àwọn obìnrin ti ń dáná oúnjẹ rẹ̀ mọ́jú. Èmi àti Ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ bá wọn dáná. Irọ́ tó ní ìkòkò, tó tún ní iná lábẹ́.

Àlàkẹ́ lorúkọ ìyá náà. Ṣàfíù ní ara rẹ̀ le ju tòun lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Fìdítì, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti pa.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti pa á.

Alága kígbe "Ìnnà lilláhi!" Alága ni ìyá mi. Òun ló ń darí àwọn obìnrin àsàláátù, ó sì ń darí ilé wa mọ́ ọn. Bàámi bi mí lọ́jọ́ tó kú. Mo ti kà á sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn — ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó mi orí. Ó ní kí Ọlọ́run forí jì í, kí n máa lọ, ẹni tó bá ran olókùú lọ́wọ́ á gba láádá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fajú ro.

Alága bá gbé ọmọrogùn ńlá rẹ̀ fún mi, èyí tó fi ń ro ìrẹsì ìnáwó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ó ní a kì í lọ dáná òkú lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

À ń lọ. Ọmọrogùn ń bá wa lọ. Kò sí ibi tí mo lè gbé e pamọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹsẹ̀ ń ro mí. Etí mi ṣì ń hó.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀. Àwa rò pé bíi ti ìwàásù ni, pé ẹni tó bá pẹ́ ò ní rí àyè jókòó. Ọkùnrin kan ṣì ń gbálẹ̀. Ó bi wá ṣé àwa la wá tún fìríìjì ṣe. Báńsà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ká padà wá laago mọ́kànlá. Mọ́kànlá! Ní Fìdítì, ajá gan-an ti sùn laago mọ́kànlá.

Níbo la fẹ́ padà sí, pẹ̀lú owó wo? A dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì wá rí àga tó wọ́. Ọ́ṣà ni ní ìjọ wọn, kò lè rí àga tó wọ́ kó fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, àwa náà bá a tò ó. Ìlà gún régé, gbogbo àga kọjú sọ́dọ̀ díjèé bíi pé ó fẹ́ wàásù. Ọ̀gá ibẹ̀ jáde, ó wo àga, ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní káwọn ọkùnrin wa má sanwó ìwọlé mọ́. Obìnrin ò kúkú ń san. Ìjọba Ọlọ́run ti wúlò fún wa.

Báńsà yẹ báàgì wò. Ó gba ẹ̀pà. Ó gba omi. Ó wá kan ọmọrogùn. Ó ní kí lèyí. Mo ní ọmọrogùn ni. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọrogùn ni.  Ó gbé e ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́jú.

Máàtì kan lagbára wa ká. Ìgò kan, ẹnu mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀ṣì dijú, ó gbàdúrà lé e lórí kó tó ṣí i. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó tì wá pẹ̀lú fìlà gọ̀bì lórí ṣe àmín.

Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá tí àwọn èèyàn gidi ń wọlé, Gómìnà ti sùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló sùn sí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ṣàfíù ń jó lójú kan bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀kúrọ́. Èmi — mo jó. Iná pupa, iná búlúù, ilẹ̀ ń mì. Fún bíi wákàtí méjì, mi ò jẹ́ ọmọ Ládàánì, mi ò jẹ́ ọmọ Alága. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì ní purọ́ fún ìwé.

Àṣìṣe kejì hàn sí wa láàárọ̀, ní gáréèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì wò mí, ó ní, "Oúnjẹ dà?"  Ta ló máa lọ dáná fìdáù mọ́jú tí kò ní gbé oúnjẹ wálé? Alága ti ń retí ọ̀rá ìrẹsì láti ìdájí. Owó mọ́tò àwọn ọkùnrin la fi ra ìrẹsì àti ẹran méjì lọ́wọ́ olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣàfíù àti Gómìnà fẹsẹ̀ rìn dé Awẹ́ kí ọlọ́kadà kan tó ṣàánú wọn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Alága jẹ ṣíbí kan nínú ìrẹsì àná tó gbé kaná. Ó dúró. "Ìrẹsì fìdáù wo ni kò ní òórùn èéfín yìí?"

Mo ní gáàsì ni wọ́n lò. Ó ní gáàsì, ní Akínmọ̀ọ́rìn? Mo ní ọmọ wọn kan ló gbé e bọ̀ láti Èkó. Báyìí ni irọ́ mi ṣe bímọ, tí ọmọ náà sì ń gbé Èkó.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí a ti jẹ oúnjẹ òkú wọn, ó di dandan ká lọ kí wọn. Òun àti obìnrin àsàláátù méjì. Ọ̀túnla.

Mo gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ṣàfíù ti gun ọ̀kadà lọ Akínmọ̀ọ́rìn. Ó lọ bẹ òkú.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bí Ṣàfíù ṣe sọ ọ́: ó bá Ìyá Àgbà nídìí ẹ̀gẹ́, ó ń bó o. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Bí Alága ṣe sọ ọ́: wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá òkú tó jókòó lórí àpótí. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá náà ní àṣìsọ àwọn ọmọ ni, àbúrò òun ló lọ, ọmọ ìyá òun kan ṣoṣo. Ó sunkún. Alága bá a sunkún. Wọ́n fún un ní ṣúgà àti mílíìkì, Alága sì tú ìborùn ọrùn ara rẹ̀ fún un. "Ìyá yìí mà níwà o, Bushrah."

Mo bọ́! Ìbàdàn, mò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Alága ń ròyìn òkú náà káàkiri àdúgbò. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àbúrò tí kò sí náà ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Búrẹ́dì kan la rà. Ó jókòó síwájú ilé, ó kọ́ ìborùn Alága sọ́rùn bí olorì.

Ó ní, "Ta ló yan èmi nínú yín?"

Ṣàfíù ní òun ni. Ó ní nítorí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yín ní Fìdítì ni, mà.

"Òótọ́ lo sọ. Ìwọ tó o mọ̀ mí ńkọ́, ìgbà wo lo wá kẹ́yìn?"

Ṣàfíù wolẹ̀. Iléyá èṣí ni.

Ìyá náà ò bínú, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ní láti Ọjọ́rú, èèyàn mọ́kànlá ló ti wá kí òun láti Fìdítì. Wọ́n bá òun gbálẹ̀. Wọ́n bá òun pọnmi. Obìnrin kan tún òrùlé ilé adìẹ ṣe. Ó ní láti ìgbà tí bàbá Ṣàfíù ti kú, òun ò rí irú rẹ̀.

"Tó bá di àmọ́dún," ó ní, "ẹ tún mi pa."

A rẹ́rìn-ín. Gómìnà tilẹ̀ ṣèlérí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí a gun ọ̀kadà, ojú ń tì mí, mi ò lè wo Ṣàfíù. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìwé, àfi ìwọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàámi pè mí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Alága ti rọ̀ ọ́ pé kí wọ́n ṣe àdúà fún olóògbé Akínmọ̀ọ́rìn ní mọ́sáláṣí lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀. Ó na bébà àti báírò sí mi. "Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣì í pè níwájú Ọlọ́run."

Ó ní kí n mú un wá láàárọ̀.

Bébà náà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lè kọ orúkọ èyíkéyìí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bàámi á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á dijú, ohùn rẹ̀ á sì gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún òkú. Á máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò sí. Mo lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi ọsàn, mi ò lè jẹ́ kó ṣe ìyẹn.

Bí mo bá sì sọ òtítọ́, Awẹ́ ni. Gàrí ni.

Mo fẹ́ lọ Ìbàdàn. Mo fẹ́ ẹ débi pé àyà ń dùn mí.

Jímọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo kọ ọ́: *Bushrah ọmọ Mùhámmẹ́d*.

Mo kúnlẹ̀, mo fi lé Bàámi lọ́wọ́. Ó wọ awò. Ó kà á. Ó bọ́ awò.

"Ìyá àgbà Ṣàfíù ńkọ́?"

Mo ní ó wà láàyè.

"Àbúrò rẹ̀?"

Mo ní kò ní àbúrò.

"Níbo lẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Mo sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọmọrogùn. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde lọ.  Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Mo wọ yàrá lọ, mo ń tú ẹrù Ìbàdàn sílẹ̀. Mo ti kó bẹ́díṣíìtì jáde, mo ti kó ìkòkò jáde, nígbà tí gbohùngbohùn mọ́sáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn òkú. Bàbá oníkòkó ìdí àgbàrá. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Ọmọ jòjòló kan. Àmín, àmín. Lẹ́yìn náà:

"Bushrah ọmọ Mùhámmẹ́d."

Odó dákẹ́ nílé kejì. Alága sáré wọ yàrá pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun, ó dì mí mú níjìká, ó ń tẹ̀ mí kiri bí ẹni tó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Gbohùngbohùn náà há díẹ̀. Bàámi wú ikọ́.

"Ọmọ tèmi ni. Kò tíì kú o, irọ́ ló fẹ́ pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ wá fún mi láàárọ̀ yìí. Ó ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó tún un ṣe kó tó débẹ̀."

Gbogbo mọ́sáláṣí ṣe àmín. Mi ò gbọ́ irú àmín bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Alága náà gbọ́. Ó wo ẹrù tí mo tú sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Irọ́ wo?" Ẹkún sì gbọ̀n mí.

Bàámi ti wálé, ó ti jẹun. Ó ní kí n gbé àga síwájú ilé, kí n jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kí n máa ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá wá bi mí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n má fo ibì kankan. Níbẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹni kẹsàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yìí, ìyá oníwáàsí kan láti ìsàlẹ̀ sì ti ń bọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání.